Kówó Tó Kúrò Lápò: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Onílé Ìtajà Àtàwọn Ọlọ́jà Sọ ní Iléṣà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kà yìí, mo ti fẹnu sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí Eréjà. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń gbowó àtàwọn tó ń gba ṣọ́ọ̀bù jọ jókòó síbì kan náà lọ́jọ́ yẹn, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀ láìsí ọlọ́pàá. Òjò ló wá bá wa níbẹ̀, páànù ń pariwo débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ni wọ́n bá ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, tí mo bá yà kúrò lójú ọ̀nà ẹ fara dà á, bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí mo jẹ́ kẹ́ ẹ lè mọ bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ mi. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì kàwé ilé títà. Bàbá mi kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ sójú títì kí wọ́n tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò mi wá ní kí n máa bójú tó o. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi gan-an, páìpù, tápù àti táǹkì omi ni mò ń tà, ibi tí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi sì wà kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń wá páìpù, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onílé míì lọ́nà Àkúrẹ́. Onílé ni mí láàárọ̀, tẹ́nàǹtì ni mí nírọ̀lẹ́. Ìyà tí onílé ń fi jẹ tẹ́nàǹtì, mo ti jẹ ẹ́, èyí tí tẹ́nàǹtì ń fi jẹ onílé náà ò sì yọ mí sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dàgbà ní Iléṣà tí ò mọ Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa ru aṣọ lọ sí Èkìtì, lọ sí Oǹdó, wọ́n kọjá lọ sókè Ọya, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n á wá padà lọ gbowó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń yí wọn, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, “òṣó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi”. Àwọn èèyàn fi ń ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní, pé Ìjẹ̀ṣà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fojú fo owó. Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọn kì í sọ mọ́ ìtàn yẹn. Bàbá àgbà mi ṣiṣẹ́ náà, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé lílóṣòó yẹn, ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni. Kẹ́nì kan tó rí aṣọ gbà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ti mọ ilé ẹ̀, àwọn ti mọ ìgbà tó máa ń ta kòkó, wọ́n ti jọ sọ iye aṣọ àti ẹ̀ẹ̀mélòó ló máa san án, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti dúró tì í, ó sì ti wọnú ìwé kékeré tí wọ́n ń gbé sápò agbádá. Tí wọ́n bá wá rí Òṣómàáló tó lóṣòó, onítọ̀hún ti ba gbogbo ìyẹn jẹ́. Àwa ọmọ wọn wá jogún lílóṣòó, a ò jogún èyí tó ṣáájú ẹ̀. Onílé lóṣòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù torí owó, tẹ́nàǹtì lóṣòó sílé onílé torí páànù tó ń jò, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tówó kúrò lọ́wọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, “Olúwa á jẹ́ kó rọ̀ wá lọ́rùn” ni wọ́n sọ, wọ́n mu kóòkì, wọ́n túká.

Àwọn àgbà ní àsọ̀rọ̀ àìsọtán ló pa Elénpe àkọ́kọ́ tó ní igbá wúwo ju àwo lọ. Mo ti wo gbogbo ìjà tí mo ti bá tẹ́nàǹtì jà àtèyí tí mo bá onílé tèmi jà, mi ò rí ẹyọ kan tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tá ò sọ tán kówó tó jáde ló fà á. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá dùn mí jù ni mà á pẹ́ lórí ẹ̀.

Ti iná ló dùn mí jù. Méjì nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi jọ ń lo mítà kan, aránṣọ ọkùnrin kan wà nínú ọ̀kan, àǹtí kan tó ń ta ẹja dídì wà nínú èkejì tòun ti fìríìsà mẹ́ta. Láyé ìgbà tí wọ́n ń fojú díwọ̀n bíìlì gbé fúnni, wọ́n á pín in sí méjì, kò sẹ́ni tó ráhùn. Ìgbà tí mítà onírìchájì dé ni bọ̀dá aránṣọ ṣàkíyèsí pé owó táwọn jọ dá ò pé ọjọ́ mẹ́rin tó fi tán, maṣíìnì òun àti áyọ́ọ̀nù tóun fi ń lọ aṣọ ò ṣáà lè jẹ tó báyẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yan odì. Lọ́jọ́ kan àǹtí lọ ìsìnkú, iná tán, bọ̀dá ní òun ò ní rà, òun á fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì òun, nígbà tí àǹtí máa fi dé lọ́jọ́ kejì, ẹ ò lè gba àdúgbò yẹn kọjá. Ta ni wọ́n wá bá? Èmi ni. Èmi tí mi ò jẹ nínú ẹja, tí mi ò ránṣọ. Mo ra mítà kéékèèké tó ń ka ti oníkálukú sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, owó tí mo ná lé e ò tó iye tí wọ́n fi ra ẹja tó bà jẹ́. Kí n ti ṣe é látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Band A, àwọn tí wọ́n ní wọ́n á máa fún níná ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, ẹ mọ̀ pé láti April 2024 tí yúnìtì kan ti fò láti bíi 68 náírà dé 225, ọ̀rọ̀ iná ò ṣeé fi ṣàwàdà mọ́. Ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, béèrè ibi tí mítà ẹ wà, kó o rí i pẹ̀lú ojú ẹ, kó o béèrè bóyá gbèsè wà lórí ẹ̀, kó o sì béèrè ẹni tó tún ń fa iná láti ibẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ń rìchájì fún ọdún kan àtààbọ̀ kó tó mọ̀ pé wáyà kan gba inú síìlì lọ sí ẹ̀yìnkùlé onílé.

Ìwé àdéhùn wá ńkọ́. Tí mo bá ti dárúkọ ìwé, àwọn ìyá wa a ní “ṣé a ò fọkàn tán ara wa ni?” Ẹ gbà mí gbọ́, àwọn tó fọkàn tán ara wọn gan-an ló nílò ẹ̀, torí àwọn ni wọn kì í béèrè nǹkan kan. Rìsíìtì tó ní “mo gba owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan lọ́wọ́ Ìyá Báyọ̀” kì í ṣe àdéhùn, ẹ̀rí pé owó lọ ni. Ojú ìwé méjì péré ti tó. Kó sọ ṣọ́ọ̀bù wo gan-an, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń jà lórí ṣọ́ọ̀bù kẹta láti apá ọ̀tún, ọ̀kan dojú kọ títì nígbà tó ń ka tiẹ̀, èkejì kẹ́yìn sí i. Kó sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àtọjọ́ tó parí, kì í ṣe “láti Ìkórè dé Ìkórè”. Kó sọ ọjà tí wọ́n fẹ́ tà níbẹ̀, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù fún ìwé títà tó wá gbé sílíńdà gáàsì ogún wọlé, ó ti yí ilé yín padà sí nǹkan míì. Kó sọ ẹni tó ni títún òrùlé ṣe, ẹni tó ni títún ilẹ̀kùn ṣe, ẹni tó ń kó gọ́tà àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ṣalángá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn parí ìjà lórí kọ́kọ́rọ́ ṣalángá títí aago mọ́kànlá alẹ́.

Tó bá kọjá ọdún mẹ́ta, ẹ má ṣe é fúnra yín mọ́, òfin ní àdéhùn tó bá ju ọdún mẹ́ta lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tí àwọn lọ́yà ń pè ní deed, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Èyí kan àṣà tó wọ́pọ̀ láàárín wa dáadáa, kí ẹnì kan ní ilẹ̀ tí ò ní owó, kí oníṣòwò wá fowó ara ẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó máa lò ó fún ọdún mélòó kan títí owó ẹ̀ á fi jáde. Àṣà tó dáa ni, òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ojú títì wa dìde. Ibi tó ti ń bà jẹ́ ni pé wọn kì í kọ iye tí wọ́n ná sílẹ̀. Ọdún keje á pé, onílẹ̀ á ní ó ti tó, ẹni tó kọ́lé á ní síméńtì ti wọ́n látìgbà yẹn, owó òun ò tíì jáde. Àti ilẹ̀kùn irin, àti bọ́gílárì, àti táìlì, ta ló ni ín lọ́jọ́ tó bá ń lọ? Ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì ń rẹ́rìn-ín síra yín. Ogún ọmọdé kì í ṣeré kó gba ogún ọdún.

Ẹ̀yin tí ilé yín wà níbi tó dáa tí bánkì tàbí kọ́ńpìnnì ńlá fi gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin ní kí kọ́ńpìnnì tó ń san owó ilé fún yín yọ 10 nínú 100 sílẹ̀, kí wọ́n lọ san án fún àwọn agbowó orí lórúkọ yín. Tó bá jẹ́ èèyàn ló ni ilé náà, tí kì í ṣe kọ́ńpìnnì, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan rí mílíọ̀nù kan àti 800,000 nínú àkáǹtì wọn dípò míílíọ̀nù méjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé àdá, wọ́n ní mánígà ti jí owó àwọn. Kò sẹ́ni tó jalè. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti san 200,000 náà lórúkọ wọn, torí tí àwọn agbowó orí bá dé lọ́dún náà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ohun tẹ́ ẹ jẹ. Ọ̀pọ̀ onílé ni ìwé wọn wà nílẹ̀ ní ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì tí wọn ò lọ gbà á, wọ́n wá san owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà.

Ó kan owó ilé fúnra ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ torí ẹ̀bi mi ni. Bàbá kan wà tí wọ́n ń tún fáànù àti rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù wa, 240,000 ni wọ́n ń san lọ́dún, wọn kì í jẹ́ kó lé ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbọ́ pé àwọn kan ládùúgbò ti ń gba 300,000, ojú mi là, mo ní tèmi náà 300,000 ni. Bàbá bẹ̀ mí, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn san 265,000 lọ́dún yìí, mo kọ̀, mo rò pé ẹni yẹ̀yẹ́ ni mo máa jẹ́ tí mo bá sọ pé rárá tí mo tún padà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kẹ́rù wọn. Oṣù méje ni ṣọ́ọ̀bù yẹn fi wà ní títì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 240,000 lọ́dún, 20,000 lóṣù, oṣù méje jẹ́ 140,000 tó ti lọ. Ẹni tó padà gbà á san 300,000 lóòótọ́, 60,000 ló fi jù ti bàbá lọ, ó máa gbà mí ní ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin kí n tó rí 140,000 yẹn padà, mi ò tíì ka ọ̀dà tí mo fi kùn ún àti owó agẹ́ńtì. Kò sì lo ọdún méjì tó fi sá lọ ní òru pẹ̀lú gbèsè iná. Bàbá onírédíò wà lójú ọ̀nà kejì dòní, ibẹ̀ làwọn kọ́sítọ́mà wọn tẹ̀ lé wọn lọ, àwọn kọ́sítọ́mà yẹn sì ló ń ra kádì àti bisikíìtì láwọn ṣọ́ọ̀bù mi yòókù. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tẹ́nàǹtì kan lè máa fa èrò wá fún tẹ́nàǹtì méje.

Mi ò ní kí onílé má fowó lé e o. Síméńtì tá à ń rà ní bíi 2,600 lọ́dún 2020, ní February 2024 àwọn ibì kan ń tà á ju 10,000 lọ, páànù ń gbówó lórí, iṣẹ́ káfíńtà ń gbówó lórí, onílé náà ń lọ sọ́jà. Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé látọjọ́ àkọ́kọ́, pé lẹ́yìn ọdún méjì iye báyìí ló máa gun orí ẹ̀. Tẹ́nàǹtì á ti mọ̀, á ti máa múra, kò ní sọ pé mo rí i tó ra ọkọ̀ ni mo ṣe fowó lé e. Ìyẹn náà wà o, àwọn onílé tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti rí ọjà tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù yín, wọ́n á ti máa ṣírò.

Ó wá yí sí ẹ̀yin ọlọ́jà. Owó tó ń pa ṣọ́ọ̀bù tuntun jù ní ìlú yìí, owó ọdún méjì tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ni. Ẹni tó ní 800,000 lọ́wọ́, tó san 480,000 fún ọdún méjì, tó fi 200,000 kan pákó, kun ilé, ṣe sáìbọ́ọ̀dù tó ń tàn yòò, 120,000 ló kù tó fẹ́ fi rajà. Kọ́sítọ́mà á wọlé, á rí agolo mílíìkì mẹ́fà tí wọ́n tò ní ìtò tí wọ́n á fi dà bíi pé ó pọ̀, á béèrè nǹkan mẹ́ta tí kò sí, kò ní padà wá mọ́. Ẹ bẹ onílé kó gba ọdún kan. Tó bá kọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àǹbùrélà lọ́jà Atákúnmọ́sà tí ọjà kún iwájú wọn, mo mọ púpọ̀ nínú wọn tó ti kọ́lé.

Kẹ́ ẹ sì tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò sáyè. Ẹ lọ. Ẹ wo ẹsẹ̀ èèyàn láàárọ̀, ẹ tún wò ó nírọ̀lẹ́, torí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kì í ra ata, ìgbà tó bá ń bọ̀ ló ń rà á, tí ṣọ́ọ̀bù yín bá wà lápá ibi tí wọ́n ń gbà lọ tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń gbà bọ̀, ẹ ó kàn máa kí wọn ni. Ẹ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà rí ibi dúró sí. Ẹ lọ lọ́jọ́ tójò rọ̀, ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Ẹ wo ara ògiri bóyá ìjọba ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i láti wó o torí ó sún mọ́ títì jù, àwọn onílé kan máa ń kun ọ̀dà funfun lé e lórí kẹ́ni tuntun tó dé. Kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó kúrò níbẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ bi í: kí ló lé ẹ?

Ní ti sísan, ẹ má dúró de òpin ọdún. 240,000 náírà dà bí òkè, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gé e. Tẹ́ ẹ bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 26 lóṣù, ọjọ́ 312 lọ́dún nìyẹn. Ẹ fún alájọ ní 800 lójoojúmọ́, á di 249,600. Ẹ mọ̀ pé alájọ máa ń mú ti ọjọ́ kan lóṣù, 800 lọ́nà méjìlá jẹ́ 9,600. Ẹ yọ ọ́ kúrò. 240,000 géérégé ló kù, ẹni tó ṣe ìṣirò yẹn fún mi, ìyá kan tí kò lọ sílé ìwé ni, wọ́n ń ta iṣu. Ọjọ́ tí ọjà ò bá wá lè yọ 800 fún ṣọ́ọ̀bù nínú èrè ẹ̀, tí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀, ṣọ́ọ̀bù yẹn ju ọjà yín lọ nìyẹn, ẹ tètè mọ̀ kó tó jẹ owó okòwò. Mo ní nínú èrè o, kì í ṣe nínú owó tẹ́ ẹ tà. Ẹni tó ń mú owó nínú dúrọ́ọ̀ ra ẹran fún ilé tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, kò lè mọ èwo ni èrè.

Mà á sáré lórí ìkànnì ayélujára torí àwọn ọmọ yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù yín sórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń wọ ìlú wa báyìí kì í béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àgbàlagbà, fóònù ni wọ́n ń bi. Kẹ́ ẹ lo WhatsApp oníṣòwò tó lè to àwòrán ọjà yín pẹ̀lú iye ẹ̀. Ní ti tíránsífà, nígbà tówó náírà wọ́n lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni púpọ̀ nínú wa kọ́ ọ tipátipá, àmọ́ àwọn olè náà kọ́ tiwọn. Ẹ má fi àlátì orí fóònù kọ́sítọ́mà gbé ọjà fún un, àkáǹtì tiyín ni kẹ́ ẹ wò.

Iná ọmọ ọ̀rara, iná tó ń jó ṣọ́ọ̀bù, ńkọ́? Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wa nígbà ọyẹ́, jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà, jẹ́ẹ̀kẹ́ẹ̀nì bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, alákàrà níwájú. Jẹnẹrétọ̀ kì í gbé inú ṣọ́ọ̀bù tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó sé mọ́, gáàsì olóró inú èéfín ẹ̀ ò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún yín kó tó pa yín. Ẹ má bu omi sí iná bẹntiróòlù, ẹ má bu omi sí iná wáyà, sílíńdà apaná oníyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ jọ dáwó rà, kí ó wà níbi tí ọwọ́ gbogbo yín tó o, kì í ṣe nínú yàrá onílé. Ìṣọ́ránsì wà, kì í ṣe ti olówó nìkan, ti ilé jẹ́ ti onílé, ti ọjà jẹ́ ti ọlọ́jà, èyí tí onílé ṣe ò lè san owó àǹkárá yín padà, àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe nìyẹn. Tẹ́ ò bá sì tíì san owó ẹ̀, ẹ ò tíì ṣe é, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ kọ yẹn ò já mọ́ nǹkan kan lábẹ́ òfin.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ kí tẹ́nàǹtì lọ. Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kúrò lára àgádágodo. Kéèyàn ti ṣọ́ọ̀bù pa mọ́ ọjà, kó yọ páànù, kó kó ẹrù síta, kò sí òfin tó fún yín ní àṣẹ yẹn, bó jẹ́ ọdún mẹ́ta ló ti jẹ yín. Tí ìwé àdéhùn ò bá sọ nǹkan míì, ẹni tó ń san lọ́dọọdún ẹ máa fún un ní nótíìsì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá pé tí kò lọ, ẹ máa fún un ní ti ọjọ́ méje pé ẹ̀ ń lọ sí kóòtù, lẹ́yìn ẹ̀ ni kóòtù. Ó ń pẹ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo mọ onílé tó ti ṣọ́ọ̀bù pa ní ọjọ́ Ẹtì, tẹ́nàǹtì ní 400,000 wà nínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí wọ́n máa fi ṣí i. Ta ló máa jẹ́rìí pé kò sí níbẹ̀? Ìgbà tó fi máa parí, onílé ló ń sanwó fún tẹ́nàǹtì. Ìwé tó ní “oṣù mẹ́ta ni nótíìsì wa” ì bá ti gé oṣù mẹ́ta kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n béèrè ìbéèrè, bọ̀dá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù bí i mẹ́wàá dìde, ó ní ta ló ni owó tí àwọn alátẹ tó ń tajà níwájú ṣọ́ọ̀bù ń san, òun tàbí tẹ́nàǹtì òun? Gbogbo ilé pariwo, torí ìjà yẹn wà nílé gbogbo wọn. Mo bi í pé kí ni ìwé yín sọ? Ó ní kò sí ìwé. Mo ní ó dáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yín láti orí ìbéèrè yẹn.

Ìyá kan ló béèrè ìkẹyìn, òjò ti ń dá nígbà yẹn. Onílé wọn kú ní ọdún tó kọjá, ọmọ márùn-ún ló fi sílẹ̀, lára wọn wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Kánádà, wọn ò sọ̀rọ̀ síra wọn. Ta ni kí àwọn máa san owó ṣọ́ọ̀bù fún? Mo ní ìyá, ẹ má san án fún ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n mú ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún wá, èyí tí ilé ẹjọ́ gíga máa ń fún wọn, orúkọ tó bá wà nínú ẹ̀ lẹ máa san án fún. Tí wọn ò bá tíì ní in, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí lẹ́tà kan pé àkáǹtì báyìí ni kẹ́ ẹ san án sí. Tí wọ́n bá ṣì ń jà, ẹ tọ́jú owó náà lọ́tọ̀, ẹ má ná an, kẹ́ ẹ ní kí lọ́yà bá yín bẹ kóòtù láti gbà á sílẹ̀ títí wọ́n á fi parí ẹ̀. Ìyá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ti wá gbà á ní January. Mo ní kò burú. Wọ́n ní àbúrò náà wá gbà á ní March, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kọ́ ló ni ilé. Mo ní rìsíìtì ńkọ́? Wọ́n tú àpò wọn, wọ́n mú bébà kan jáde tí wọ́n ká sí mẹ́jọ, mo ṣí i, “mo gbà á” ló wà nínú ẹ̀, kò sí iye, kò sí ọjọ́, ẹ̀yìn ìwé ìkésíni ìsìnkú bàbá wọn ni wọ́n sì kọ ọ́ sí.